Ọkọ̀ tọ́, màmá ló wọ́

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Iná ò sí, fóònù mi sì ti ń kú lọ.

"Ọkọ̀ yẹn tọ́ jàre. Màmá yẹn gan-an ló wọ́."

Mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu láti ọ̀sán bí orin tó há síni létí. Mo sọ ọ́ nígbà tí mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ọ́ nílé ìwẹ̀. Ọmọọṣẹ́ kan lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ló sọ ọ́, kì í sì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnìkejì ẹ̀ tó ń fọ púlọ́ọ̀gì ló sọ ọ́ fún. Wọ́n rò pé mo ṣì wà níbi tí mo ti lọ ra ọsàn. Mo ti dé. Mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀ oníọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá ọsàn lọ́wọ́, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo táyà.

Mi ò bínú o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ọ̀rọ̀ Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen Beetle mi, àti sítíárìn ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo já sí kòtò ní Sángo, tí ẹni tó bá mi pààrọ̀ ẹnu táì-rọ́ọ̀dù (irin tó ń fa táyà iwájú tí sítíárìn bá yí) létí títì ti fi í sílẹ̀ ní wíwọ́, tí mo bá fẹ́ kí ọkọ̀ lọ tààrà, àfi kí sítíárìn dà sápá ọ̀tún bíi fìlà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Irin tó dábùú àárín ẹ̀ wá gòkè lápá òsì, ó bo aago tó ń ka eré ọkọ̀. Aago kan ṣoṣo tí Ìjàpá ní níwájú! Oṣù mọ́kànlá gbáko, tí mo bá fẹ́ mọ eré tí mò ń sá, àfi kí n na ọrùn bí adìyẹ tó fẹ́ wo inú ìkòkò. Kì í kúkú ṣe pé eré wà lára Ìjàpá.

Òní ni ọ̀gá ráyè mi. Wákàtí àkọ́kọ́, wọn ò fọwọ́ kan sítíárìn rárá, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀ lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe kàn fà á yọ, kí ẹ yí i tọ́, kí ẹ dá a padà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀. "Màmá, ohun tẹ́ni yẹn náà fẹ́ ṣe fún yín nìyẹn, kó tó ṣì í gbé. Ojú nìkan nìyẹn máa tún ṣe." Wọ́n ní bọ́ọ̀kìsì tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá sítíárìn ní àárín tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń fún jù. Tí táyà bá kọjú síwájú àmọ́ tí bọ́ọ̀kìsì ò sí láàárín, sítíárìn á máa ṣeré lọ́wọ́ awakọ̀, ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni tó mu ẹmu. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀kìsì sáàárín. Lẹ́yìn náà lẹ óò wá máa yí táì-rọ́ọ̀dù méjèèjì, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, díẹ̀díẹ̀, títí táyà iwájú á fi fohùn ṣọ̀kan. Ìgbà yẹn ló tó kan òkè.

Ọmọ yẹn ló ṣe tòkè. Ó gbé àga ẹ̀yìn kúrò, ó tú okùn bátìrì (ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì ni Ìjàpá rí, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ń gbé, ẹ́ńjìnnì wà nídìí, táyà àfipamọ́ wà níwájú, ọkọ̀ adójúdé). Ó fa ìdérí họ́ọ̀nù yọ. Ó tú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín, àmọ́ kò yọ ọ́ tán, ó fi í há sí ẹnu ọ̀pá. Mo bi í pé kí ló dé. Kò wò mí. Ó ní, "Mọ̀mí, tí èèyàn bá yọ ọ́ tán, tó wá ń fi gbogbo agbára fà á, tó bá já lójijì, eyín iwájú lèèyàn máa fi san án." Ó sì fà á lóòótọ́, ó já gbàmù, nọ́ọ̀tì dá a dúró. Inú ihò àárín ẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ yíká bíi ti òòyà. Ó kà á. Eyín mẹ́ta ni ẹni ìjọsí fi ṣì í gbé. Ó dá a padà, ó fún un, ó nu ọwọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tó mọ irú èyí, tó ń ka eyín kó tó gbé nǹkan síbi tó yẹ, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé kò mọ ohun tó ń sọ?

Ó lé ní mílíọ̀nù 21 Ìjàpá tí wọ́n ṣe láyé kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Mẹ́síkò lóṣù July 2003. Tèmi, Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti tò ó pọ̀, Ọ̀jọ́ Èkó o, kì í ṣe Ọ̀jọ́ọ̀ tiwa n'Ìbàdàn níbí, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní 1975. Nínú gbogbo mílíọ̀nù wọ̀nyẹn, tèmi nìkan ni wọ́n tún tọ́, tí wọ́n wá ní olówó ẹ̀ ló kù.

Àbí "màmá yẹn ló wọ̀ ọ́" ló sọ, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ gé e mọ́ ọn lẹ́nu? Rárá. Mo mọ ohun tí mo gbọ́.

Mo sanwó. Mo wà á jáde. Irin àárín wà ní ìbú, aago hàn kedere, mo ń sá 40, inú mi ń dùn bíi tọmọdé. Kí n tó kọjá ẹnu ọ̀nà Poly, oníkẹ̀kẹ́ kan ti ń pariwo lápá ọ̀tún mi, "Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ? Ṣé gọ́tà lẹ fẹ́ bọ́ sí ni?" Mo wo ọwọ́ mi. Ó ti tún dà á sápá ọ̀tún. Èmi kọ́ ni mo rán an. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ ti ń gbọ́ràn báyìí, ibi tí ọwọ́ bá yà sí ló ń lọ.

Irọ́ ni mo pa lókè yẹn. Mo bínú. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, bí ìyá mi ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbáwí nìyẹn, mo sì rò pé mo ti dàgbà kúrò níbẹ̀. Kí n wá padà gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí irùngbọ̀n ò tíì hù... Àmọ́ kò mẹ́nu ba ìwà. Bí mo ṣe wa ọkọ̀ wọlé láàárọ̀ ló wò. Kí ló rí?

Nígbà tí mo délé, mo dúró níwájú dígí. Èjìká òsì ga ju ọ̀tún lọ. Kì í ṣe púpọ̀. Mi ò lè sọ bóyá oṣù mọ́kànlá yẹn ló fà á, àbí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn tí mi ò wò ó. Ẹni tó máa ń bá mi wo ẹ̀yìn mi kí n tó jáde, ẹ kúkú mọ ibi tó wà báyìí.

Ẹ̀wà jó díẹ̀. Òjò ṣú, kò rọ̀. Màmá Ìyábọ̀ wá gba àwo ẹ̀.

Tìráfíkétọ̀ apá òsì kì í padà fúnra ẹ̀ mọ́ tí mo bá yà tán. Láti Bódìjà ló ti ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́ títí mo fi délé, gbogbo ayé rò pé mo fẹ́ yà. Mo pe ọ̀gá, wọ́n ní ahọ́n kékeré kan tó wà lẹ́yìn sítíárìn ló yẹ kó máa ta á padà, kí n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Èyí ni pé wọ́n á tún yọ ọ́. Ọmọ yẹn á tún wò mí bí mo ṣe ń bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan yìí, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ nínú òkùnkùn. Mo di sítíárìn mú. Mo dijú, mo ní kí ọwọ́ lọ síbi tó bá wù ú, mo kà dé ogún, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i.

Mi ò ní sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn.