Bí ẹ bá fẹ́ wo fíìmù Ṣáínà àtijọ́ méjì lálẹ́ ọjọ́ kan

Bí ẹ bá ráyè wo fíìmù ìjà àtijọ́ méjì tẹ̀léra wọn, mo ní méjì tí mo fẹ́ kí ẹ mú, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ wo The 36th Chamber of Shaolin, kí ẹ wá fi Drunken Master tẹ̀ lé e. Hong Kong ni wọ́n ti ṣe méjèèjì, ọdún 1978 ni méjèèjì sì jáde. Shaw Brothers, ilé iṣẹ́ fíìmù kan níbẹ̀, ló ṣe ti àkọ́kọ́, Lau Kar-leung ló darí rẹ̀, Gordon Liu ni áktọ̀. Yuen Woo-ping ló darí èkejì, Jackie Chan ni áktọ̀ tiẹ̀, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe. Lálẹ́ Sátidé, tí a bá ti bo ẹ̀rọ, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń wo fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù kí kálukú tó gbalé lọ. Ìjà ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Ohun tí mo ti rí kọ́ níbẹ̀ ni pé fíìmù méjì tó dára lè ba ara wọn jẹ́. Bí ẹ bá mú méjì tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìjà á ti sú ojú kí èkejì tó dé ìdajì. Bruce Lee gan-an tí mo fẹ́ràn, n kì í fi tiẹ̀ méjì ṣe alẹ́ kan. Ọkùnrin yẹn ti mọ ìjà kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ó ku kẹ́ ẹ máa ka àwọn tó na. Nínú méjì tí mo dárúkọ yìí, àkẹ́kọ̀ọ́ ni áktọ̀, ojú yín báyìí ni á ṣe máa kọ́ ọ.

Ti Shaolin kọ́kọ́. Nǹkan bí ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú: ìjọba Manchu tó ń ṣàkóso Ṣáínà nígbà náà ń fìyà jẹ àwọn ará Canton, ìlú kan ní gúúsù Ṣáínà, wọ́n pa àwọn èèyàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, òun sì sá lọ sí tẹ́ńpìlì Shaolin láti kọ́ ìjà. Àkókò yẹn ni kí ẹ fi jẹun. Tó bá ti wọ tẹ́ńpìlì, kí ẹ kó abọ́ kúrò nílẹ̀.

Yàrá márùnlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n bi í pé èwo ló fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó ní èyí tó ga jù lọ. Wọ́n jẹ́ kó wọlé. Àwọn àgbà tó ń ka ìwé mímọ́ ló bá níbẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi jáde. Ó wá padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń fò lórí igi tó léfòó lójú omi kí wọ́n tó dé ilé oúnjẹ. Ó jábọ́ sómi, ó tún jábọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan omi pípọn: apá á nà gbọọrọ, korobá á wà lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n á sì so ọ̀bẹ mọ́ apá kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Bí apá bá rẹ̀ ọ́ tó o sọ ọ́ kalẹ̀, ọ̀bẹ á gún ọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àbẹ́là: iná ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ojú nìkan ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí tùràrí tó ń jó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì. Lau Kar-leung ò kánjú rárá. Bí ọmọ náà bá kùnà, ó máa ń jẹ́ ká rí i, ká tún rí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Màdáàmù, ẹ má wo eléyìí jù o, kẹ́ ẹ má baà so ọ̀bẹ mọ́ wa lápá!”

Láàárín fíìmù méjèèjì, ẹ fún wọn ní ìsinmi díẹ̀, kí ẹ sì fi ìtàn yìí sí i, torí ó máa ń jẹ́ kí èkejì dùn sí i. Wong Fei-hung ni Jackie Chan ń ṣe. Ẹni gidi ni, oníṣègùn àti oníjà ní agbègbè Canton. Láti 1949 ni òṣèré kan tó ń jẹ́ Kwan Tak-hing ti ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ fíìmù gẹ́gẹ́ bí àgbà tó níwà, tí kì í ṣe àwàdà rárá. Yuen Woo-ping wá sọ ọ́ di ìpáǹle ọmọ tó ń bá gbogbo èèyàn jà. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé Wong Fei-hung yìí ló kọ́ Lam Sai-wing, Lam Sai-wing kọ́ bàbá Lau Kar-leung, bàbá yẹn sì kọ́ ọmọ tiẹ̀ àti Gordon Liu. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú fíìmù kejì ni ọ̀gá àgbà àwọn tó ṣe ti àkọ́kọ́.

Ọ̀gá tí wọ́n wá fún Wong Fei-hung nínú fíìmù kejì yìí ni bàbá arúgbó ọ̀mùtí kan, Beggar So. Yuen Siu-tien, bàbá tó bí olùdarí fíìmù náà, ló ṣe é. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ìyà tó fi jẹ ọmọ yìí kò kéré sí ti Shaolin, ẹ̀rín ló fi bò ó. Ó fi í kọ́ sókè lódìkódì, ó ní kó máa fi ife kékeré bu omi láti ìsàlẹ̀ sí korobá òkè. Jackie Chan kì í ṣe àfarawé lásán. Láti kékeré ló ti wà lọ́dọ̀ Yu Jim-yuen ní ilé ẹ̀kọ́ eré orin ìbílẹ̀ Ṣáínà ní Hong Kong, ó sì lo bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ lábẹ́ ẹgba.

Ẹ fojú sí ibi tí ọ̀gá ti ń kọ́ ọ ní ìjà àwọn ọ̀mùtí mẹ́jọ. Ìkẹjọ jẹ́ ti obìnrin, ọmọ náà sì fò ó, ó ní ti obìnrin kọ́ lòun wá kọ́. Èmi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó dójú ìjà ìkẹyìn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi obìnrin pariwo débi pé ará ẹ̀gbẹ́ wa kan ilẹ̀kùn.

Bí ẹ bá yí wọn padà, tí ti ọ̀mùtí ṣáájú, ti Shaolin á dà bí ìwàásù tí wọ́n gbé tẹ̀ lé àríyá. Wọ́n á máa dúró de ẹ̀rín tí kò ní dé.

Ẹ má jẹ́ kí tẹlifíṣàn fẹ àwòrán kún ojú gíláàsì. Fíìmù tó fẹ̀ gbọọrọ ni méjèèjì. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, àwa tó wò ó nígbà náà máa ń rí ẹni tó ju ẹ̀ṣẹ́ láìrí ẹni tó gbà á. Ẹ jẹ́ kí dúdú wà lókè àti nísàlẹ̀. Ní ti èdè, ẹ má bára yín jà: ẹ̀yìn tí wọ́n bá ya fíìmù tán ni wọ́n ń fi ohùn sí i ní Hong Kong ìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń lọ lọ́tọ̀ tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́tọ̀, kódà nínú èdè tiwọn. Méjèèjì á gbà tó wákàtí mẹ́rin. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ sun èkejì di ọ̀la.

Àwọn ọmọbìnrin ti ń bi mí pé ṣé àǹtí Jackie Chan nínú fíìmù kejì, tó nà án bí ẹní na aṣọ òfì nìkan ni obìnrin tó mọ ìjà ni. Nítorí náà Come Drink With Me ló kàn, ti ọdún 1966, tí King Hu darí: Cheng Pei-pei tó kọ́ ijó ló fi idà dá àwọn ọkùnrin lẹ́kun nínú ilé oúnjẹ. Mo fẹ́ so ó pọ̀ mọ́ One-Armed Swordsman ti 1967, níbi tí ọmọbìnrin ọ̀gá ti gé apá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bàbá rẹ̀. Mo ní kí ti Cheng Pei-pei ṣáájú. Wọ́n ní kó kẹ́yìn, a ò sì tíì fẹnu kò.