Bí Àyà Bá Ń Lù Kìkì Nítorí Àníyàn

Òru ló máa ń le jù. Ilé ti pa rọ́rọ́, èèyàn fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, etí rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, ló bá ń gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì. Ó ṣe díẹ̀, ìlù kan fò. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ fìrí, òmíràn wá dún gbìì bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ilẹ̀kùn láti inú. Àtẹ́lẹwọ́ ti ń làágùn. Ohun tó sì ń sọ síni lọ́kàn ni pé ikú ti dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìlù tó fò yẹn wò. Kò fò rárá, ńṣe ló tètè dé. Nígbà tó dé, ẹ̀jẹ̀ kò tíì kún inú ọkàn tán, kò sì lágbára tí èèyàn fi máa mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkàn wá sinmi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín ìsinmi yẹn, ẹ̀jẹ̀ kún un dáadáa, nítorí náà ìlù tó tẹ̀ lé e ní láti fi agbára tì í jáde. Òun ló dún gbìì. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọkàn wọn le koko máa ń ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ rárá. Ní ti ẹ̀gbẹ́ òsì, béèyàn bá fi sùn, ṣóńṣó ọkàn máa ń sún mọ́ egungun ìhà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ ọ ketekete. Ẹ yí sí ọ̀tún, ẹ ó rí i pé ó máa dínkù.

Èyí tó ń sáré ńkọ́? Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké méjì wà tó jókòó lórí kíndìnrín. Bí ẹ̀rù bá bani, wọ́n á da èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé ẹsẹ̀ àti apá, ká lè sá tàbí ká jà. Àwọn ẹṣẹ́ yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò àti èrò nípa gbèsè. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, adrenaline náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, àfi bí a bá tún fi kún un. Ohun tí a sì fi ń kún un ni ìbẹ̀rù ìlù ọkàn náà fúnra rẹ̀. Òun ni igi tí a ń kì bọ iná. Torí náà, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ká fipá mú ọkàn dákẹ́, bí kò ṣe ká yé kó igi síná.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àníyàn ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Wọ́n á ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, wọ́n sì lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí pé ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù, àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí potassium (iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀) tó lọ sílẹ̀ lè fa irú nǹkan yìí. Bí ọkàn kò bá sáré nígbà tí wọ́n ń ṣe ECG, ó lè má rí nǹkan kan. Wọ́n lè wá fún yín ní ẹ̀rọ tí ẹ ó so mọ́ra fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù tó dákú tàbí tó fẹ́ dákú, tàbí tí àyà ń dùn, tàbí tí èémí kò délẹ̀, kó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì fi falẹ̀ bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ agbára ló ń bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ẹnì kan nínú ẹbí bá kú lójijì ní kékeré.

Ó kan èémí. Iṣan kan wà tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àyà, tó ń ṣiṣẹ́ bíi bíréèkì fún ọkàn. Ìgbà tí a bá ń mí jáde ló máa ń tẹ bíréèkì náà jù, ìdí nìyẹn tí mímí jáde fi gbọ́dọ̀ gùn ju mímí wọlé lọ. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ kọ́kọ́ mí jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gba imú mí wọlé, ẹ ka ení dé ẹẹ́rin, kí ọwọ́ tó wà lórí ikùn gbéra díẹ̀. Ẹ wá gba ẹnu mí jáde, bí ẹni rọra ń fẹ́ tíì gbígbóná, ẹ ka ení dé ẹẹ́fà. Bí kíkà kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni pé wọ́n máa ń mí ńláńlá. Wọ́n ti gbọ́ pé kí wọ́n “mí kanlẹ̀”, ni wọ́n bá ń gba afẹ́fẹ́ mì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde nínú odò. Carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí jáde) inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ jù, ètè àti orí ìka á máa ta wọ́n ṣín-ín-ṣín-ín, òòyì á kọ́ wọn, ẹ̀rù á wá di ìlọ́po méjì. Èémí náà gbọ́dọ̀ kéré, kó sì falẹ̀. Bí ẹẹ́rin sí ẹẹ́fà bá le, ẹ fi ẹẹ́ta sí ẹẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi dánra wò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nígbà tí ara balẹ̀; ẹni tí kò kọ́ ọ nígbà tí ara rọ̀ kò ní rántí rẹ̀ nígbà tí ìpayà bá dé.

Ẹ má sì máa yẹ ọkàn wò lẹ́yìn èémí kọ̀ọ̀kan. Yíyẹ̀ ẹ́ wò yìí gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ lára, bóyá ìka lọ́rùn ni o, bóyá aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn ni o. Ẹ wo aago, ó ní 96, àyà já, ẹ tún wò ó, ó ti di 108. Ẹ bọ́ aago náà lálẹ́. Bó bá di dandan, ẹ ka ìlù náà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní àkókò kan náà: ìka méjì lábẹ́ àtàǹpàkò, ní ọrùn ọwọ́ (ẹ má lo àtàǹpàkò, ó ní ìlù tirẹ̀), fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 ló wà déédéé. Ti àníyàn lè kọjá 100, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lójijì bí ìgbà tí wọ́n tan iná, tó ń lù ju 150 lọ láìṣe nǹkan kan, tó sì tún rọlẹ̀ lójijì, tàbí èyí tó ń lù ségesège láìní ìlànà kankan, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Ohun tó dùn mí jù ni bí àwọn èèyàn ṣe ń pa ìrìn tì nítorí ẹ̀rù yìí. Bí dókítà bá ti ní kò séwu, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yára títí àyà á fi máa lù, kí ẹ sì jẹ́ kó lù. Ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ ó rí i tó ń sọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọpọlọ bá rí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá pé ìlù yára, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, kò ní máa pariwo mọ́.

Kọfí ńkọ́? Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì caffeine tí ẹ mu ṣì wà lára, torí náà èyí tí ẹ mu ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ dín in kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tó bá já a lẹ́ẹ̀kan náà, orí á fọ́ ọ. Ohun mímu tó ń fúnni lágbára, sìgá, ọtí àti oògùn kátá tó ní pseudoephedrine wà lára ohun tó ń dá kún un. Ní ti oògùn propranolol, ó máa ń mú kí ọkàn rọra lù, ṣùgbọ́n ó léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ má yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà ló ń kọ ọ́.

Bó bá wá dé lóru, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: “Adrenaline ni. Yóò gòkè, yóò sì sọ̀.” Ìpayà sábà máa ń dé góńgó rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ yí sí ọ̀tún, ẹ bẹ̀rẹ̀ èémí náà. Bí oorun kò bá wá lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ tan iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, ẹ máa ká aṣọ tàbí kí ẹ ṣe nǹkan míì tí kò gba ìrònú. Ẹ fi fóònù sílẹ̀. Bí oorun bá ti ń kun ojú, ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì.