Màríà àti òjòlá, ojúkojú ní Ouidah

Ère Màríà kan wà lórí àpótí aṣọ Màmá Àgbà ní Pópó Àgùdà, l'Érékùṣù Èkó. Aṣọ rẹ̀ funfun, ó fi ọ̀já aró gba ìbàdí, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ejò mọ́lẹ̀. Ejò yẹn dẹ́rù bà mí ní kékeré. Bí wọ́n bá ní kí n lọ mú rósárì wá ní yàrá, ẹ̀yìn ni mo máa kọ sí ère náà. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọjọ́ àjọ̀dún Màríà Aláìlábàwọ́n, Màmá Àgbà á fi ọṣẹ àti kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́ látorí dé ẹsẹ̀, tejò-tejò. Á máa sọ fún wa pé, "Ẹ̀bá Dàhómì ni fàdá ti gbé Mísà wá bá wa."

Bó ṣe sọ ọ́ ló rí. Ọdún 1861 ni Fàdá Francesco Borghero, ọmọ Ítálì, gúnlẹ̀ sí Ouidah, ìlú kan ní Dàhómì, tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ní 1863 ó yọ sí Èkó, ó sì bá àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé níbẹ̀, tí Pa Antonio ń kó wọn jọ gbàdúrà láìsí fàdá kankan láàárín wọn. Ọdún 1868 ni fàdá tó máa bá wọn gbé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí Màmá Àgbà kú, tí ère náà di tèmi, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ àfi kí n lọ wo Ouidah.

Oṣù Kọkànlá tó kọjá ni mo lọ. Mo wọkọ̀ ní Mile 2, mo gba Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, mo tún wọ mọ́tò mìíràn fún nǹkan bí ogójì kìlómítà. Mo sọ "Basilique", orúkọ tí wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ ní Faransé, fún ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémìjan lọ́hùn-ún. Ó já mi sílẹ̀, mo gbójú sókè, ilé òjòlá ni mo rí. Mo ní ó ṣìnà. Ó nawọ́ sẹ́yìn mi.

Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà lóòótọ́, ó ga fíofío, fèrèsé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1903, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1909 ní orúkọ Màríà Aláìlábàwọ́n. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Benedict XVI wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Òpópónà kan péré ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà Dangbe, òrìṣà tí òjòlá jẹ́ tirẹ̀. Mo rìn ín: "Mo kí ọ Màríà" kan ṣoṣo ni mo kà tán kí n tó dé òdìkejì.

Mo wọ ilé òjòlá náà. Yàrá róbótó kan ni, àwọn òjòlá ká jọ sórí ara wọn, wọ́n ń sùn. Wọn kò lóró. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri fẹ́ gbé ọ̀kan kọ́ mi lọ́rùn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kàn fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ gbẹ, ó tutù, bí awọ bàtà tó ti pẹ́. Yàtọ̀ sí Dangbe, wọ́n tún ní òrìṣà ejò kan tí wọ́n ń pè ní Dan; àwa náà mọ̀ ọ́n, Òṣùmàrè là ń pè é.

Ìyá kan ń ta àbẹ́là nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kí i ní Faransé tí kò dán mọ́rán, Yorùbá ló fi dá mi lóhùn. Ará Kétu ni.

"Èkó lo ti wá, ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ejò yẹn kì í jáde?"

"A máa jáde lóru. Ó wọ abẹ́ ibùsùn mi lóṣù tó kọjá. Mo ní kí ọmọ mi gbé e padà fún wọn."

"Ẹ̀yin, ọmọ ìjọ Àgùdà?"

"Aládùúgbò mi kọ́ ni?"

Mo ra àbẹ́là méjì, mo tan ọ̀kan fún Màmá Àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí. Fàdá kan láti ìlú yìí ló la omi kọjá kí àwọn ìyá ìyá mi tó lè gba ara Olúwa; ẹkún gbọ̀n mí, n kò sì dá a dúró.

Ẹnìkan nínú ìjọ wa rí fọ́tò tí mo yà nílé òjòlá, ó ní kí n lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo sọ fún un pé ìgbàgbọ́ mi kò yẹ̀. Mo ní kóun náà lọ jókòó ti ìyá Kétu yẹn fún wákàtí kan.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, mo gbé ère náà sínú bàsíà. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ dé ẹsẹ̀, mo rí i pé ọ̀dà ti ṣí lórí ejò náà, ojú kan ṣoṣo ló kù fún un. Ọwọ́ Màmá Àgbà ló ṣí i, láti ọdún yìí wá. Mo rọra fi ìka nù ún gbẹ, mo sì tan àbẹ́là kejì.