Ògiri àárín pápá ní Bronx

Ìyàwó mi nìkan ni ó mọ̀ ní àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá pé mo máa ń jí ní òru nítorí eré bésíbọ́ọ̀lù, òun náà sì ti fi ọ̀rọ̀ mi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bọ̀dá mi ni ó kó mi sí i. Wọ́n ti ń gbé ní Bronx ní New York tipẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn àwọn Yankees, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ibẹ̀, débi pé tí mo bá pè wọ́n láti kí wọn, orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà Màmá. Eré tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní agogo méje alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà ooru wọn, agogo méjìlá òru ti kọjá lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti Bọ̀dá mi kò tíì fi ẹnu kò sí lórí láti ọdún 2017, òun ni mo fẹ́ kọ síbí lónìí: bí ipò àárín pápá àwọn Yankees ṣe kúrò lọ́wọ́ Jacoby Ellsbury bọ́ sọ́wọ́ Aaron Hicks. Ẹni mẹ́ta ni ó máa ń ṣọ́ pápá ẹ̀yìn nínú eré náà, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní àárín. Tí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù kí ó tó kan ilẹ̀, ẹni tí ó gbá a ti jáde nìyẹn. Ẹni àárín ni ọ̀gá wọn. Ilẹ̀ tirẹ̀ ni ó gbòòrò jù, tí bọ́ọ̀lù bá sì ga sókè láàrin òun àti ẹlòmíràn, tí ó bá ti pariwo pé òun ni òun ni ín, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ yàgò fún un. Ní pápá àwọn Yankees, ẹsẹ̀ bàtà 408 ni ó wà láàrin ibi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù àti ògiri tí ó wà lẹ́yìn ẹni àárín.

Jacoby Ellsbury ni ó ni ipò yẹn, òun sì ni ààyò mi. Láti Boston ni ó ti wá, níbi tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ ńlá ní 2007 àti 2013. Ní 2009 nìkan, ìgbà 70 ni ó fi eré sísá jí ibùdó gbà mọ́ àwọn alátakò rẹ̀ lójú; ibùdó mẹ́ta ni ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré kàn kí ó tó padà wálé láti gba àmì. Àwọn Yankees san mílíọ̀nù 153 dọ́là fún un fún ọdún méje. Ní ti Aaron Hicks, Minnesota ni wọ́n ti fi pàṣípààrọ̀ mú un wá ní ìparí 2015, kò sì sí ẹni tí ó lu ìlù fún un nígbà tí ó dé. Ọwọ́ rẹ̀ ni Bọ̀dá mi rí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, Hicks ju bọ́ọ̀lù kan láti pápá ẹ̀yìn tí ó yára tó kìlómítà 170 ní wákàtí kan, ó sì fi mú ẹni tí ń sáré bọ̀ wálé. Bọ̀dá mi fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. "Ṣé Ellsbury tìrẹ lè ju irú èyí?" Mi ò dá wọn lóhùn, nítorí kò lè jù ú.

Nígbà tí ọdún 2017 ń bẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún ni Hicks kọ́kọ́ ń dù, Aaron Judge sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Judge yìí náà ni ó lọ gbá bọ́ọ̀lù 52 kọjá ògiri lọ́dún yẹn, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn pàdánù sí i lọ́wọ́. Hicks padà sórí bẹ́ǹṣì. Kí n má purọ́, nígbàkígbà tí kóòṣì Joe Girardi bá fún un láyè, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ju Ellsbury lọ, ṣùgbọ́n Ellsbury ni orúkọ rẹ̀ ṣì ń jáde fún àárín.

Àfi alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, tí ó ti di ọjọ́ 25 lọ́dọ̀ wa. Iná ti lọ, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù, mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù kí bátìrì má baà tètè kú. Eré kò tíì gbóná rárá nígbà tí ará Kansas City kan gbá bọ́ọ̀lù lọ sí àárín tààrà. Ellsbury kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sáré, ó fò, ó hán an sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni òun àti ògiri pàdé. Ó wó lulẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ mì tìtì, ọrùn rẹ̀ fi ara pa, ó sì ju oṣù kan lọ kó tó padà. Hicks ni wọ́n fi sí àárín.

Mo mọ ohun tí mo rí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi ni mo ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní apá òsì fún ẹgbẹ́ àdúgbò kan tí ó ń ṣeré lẹ́yìn Adamásìngbà. Bọ́ọ̀lù kan tí ó ti fẹ́ jáde ni mo lé, mo dá a padà sáàárín, wọ́n sì fi gba góòlù wọlé, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀ nínú gọ́tà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọdékùnrin kan wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. "Bọ̀dá, ẹ má bínú, kóòṣì ní kí n wá gba jẹ́sì." Mo bọ́ nọ́ńbà 11 fún un, ó ṣì lóòórùn ọṣẹ tí Màmá fi fọ̀ ọ́. Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Èyí ni mo ń sọ fún Bọ̀dá mi tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Hicks ni ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba ipò náà. Èmi ní iṣẹ́ rere tí Ellsbury ṣe ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: ká ní ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹn lu ògiri kó sì bọ́ sílẹ̀, bóyá àárín ni ìbá wà ní ọjọ́ kejì.

Hicks náà ṣèṣe ní ìhà ní ìparí oṣù kẹfà, ó tún ṣèṣe ní oṣù kẹsàn-án, Ellsbury sì ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lásìkò náà. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sí Bọ̀dá mi lórí fóònù. Ọjọ́ tí Hicks padà, ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún fún ará Tampa Bay, Wilson Ramos sì gbá bọ́ọ̀lù kan tí ó fẹ́ kọjá ògiri àárín. Hicks fò, ó na ọwọ́ kọjá orí ògiri, ó sì mú un padà. Ohun kan kò ṣe é. Nígbà tí ìdíje ìparí sáà dé ní oṣù kẹwàá, òun ni ó wà ní àárín.

Ellsbury kò ṣeré mọ́ nínú líìgì ńlá lẹ́yìn ọdún yẹn. Ara rẹ̀ kò gbà fún un, àwọn Yankees sì já a sílẹ̀ ní ìparí 2019 nígbà tí àdéhùn rẹ̀ ṣì ku ọdún kan. Hicks ní tirẹ̀ gba àdéhùn ọdún méje, mílíọ̀nù 70 dọ́là. Bọ̀dá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí ìròyìn náà jáde, ẹ̀rín ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n já Hicks náà sílẹ̀, Baltimore ni ó gbà á. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bọ̀dá mi kò fi dá mi lóhùn, nígbà tí wọ́n sì pè, àlàáfíà Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè.