Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Olúwa Dá Ẹ̀mí Ọmọ Àbúrò Mi Sí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé orúkọ Ọlọ́run ga. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn níbí ni mo ń gbé. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni mo wá jẹ́rìí lé lórí.

Etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n bí i sí, nínú ilé orí òpó tí omi wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ ìwé kà, nítorí ọkọ̀ ni wọ́n ń wà lọ sílé ẹ̀kọ́. Epo rọ̀bì ń tinú òkun wọn lọ sílẹ̀ òkèèrè, iná gáàsì tí àwọn elépo ń sun dànù sì ń jó tọ̀sán-tòru, bẹ́ẹ̀ òfin ti ní kí wọ́n jáwọ́ nínú sísun ún láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, àfi ẹni tí mínísítà bá fún láyè. (Àyè náà kò jọ ohun tó ṣòro gbà.) Látìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ipa odò fún ọkọ̀ àwọn elépo ni omi iyọ̀ ti ya wọnú omi dídùn, tí ẹja sì sá, omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù ni ọmọ ń mu.

Lóru ọjọ́ tí òtútù àyà kì í mọ́lẹ̀, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé tó ń jáde bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ilé ìwòsàn àdúgbò wọn wà ní títì, kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí oògùn. Awakọ̀ ojú omi kan gbé wọn la ìjì já dé Ìgbọ́kọ̀dá, kò sì gba kọ́bọ̀. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé kò ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ni wọ́n bá gba Òkìtìpupa gbé e tọ̀ mí wá.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò mi orí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, àdúrà kò tilẹ̀ wá sí mi lẹ́nu. “Jésù” nìkan ni mo ń pè. Nígbà tó di ìdájí, ọmọ lajú, ó ní: “Màmá Ìbàdàn, ta ló pa iná?” Nọ́ọ̀sì rò pé iná ìjọba tó lọ ló ń wí. Èmi mọ̀ pé iná gáàsì ni, nítorí kò tíì sun òru tó ṣókùnkùn rí.

Ó ti ń jẹun báyìí, ó sì ti ń bá àwọn ọmọ ilé jà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà, àwọn nọ́ọ̀sì, àti àwọn ará ọjà Mọ́kọ́lá tí wọ́n dáwó. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la ó ṣe ìdúpẹ́; ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù létí omi nínú àdúrà yín, nítorí ilé ìwòsàn wọn ṣì wà ní títì.