Iṣẹ́ ilé ní Káírò àti ní Ìlọrin

Láti ìgbà tí a ti dé Káírò ní Íjíbítì, iṣẹ́ ilé ò wọ̀ mí lọ́rùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Madinat Nasr là ń gbé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Al-Azhar láti Ìlọrin pọ̀ sí. Owó tí èmi àti ọkọ mi ń rí ò tó nǹkan, síbẹ̀ agbára wa ká obìnrin kan tó ń wá bá wa tún ilé ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Á fọ ilẹ̀, á nu fèrèsé tí eruku aṣálẹ̀ ti bò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbowó, ó ti gba ilé ọmọ tirẹ̀ lọ.

Gáàsì ń gba inú páìpù wọlé, a kì í gbé sílíńdà kiri. Ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ wà nísàlẹ̀ ilé. Á ka aṣọ, á kó o lọ, á sì gbé e padà lórí hángà. Ẹ wá wo bí aládùúgbò mi ṣe ń ra búrẹ́dì láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Á fi owó sínú apẹ̀rẹ̀ tó fi okùn so, á sọ ọ́ kalẹ̀ láti fáráńdà, á sì ké sí ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn á mú owó, á kó búrẹ́dì àti ẹyin sí i, á ju ṣéńjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aládùúgbò mi á wá máa fà á sókè jẹ́jẹ́ kí ẹyin má baà fọ́.

N ò ní purọ́, ìrọ̀rùn wà ní Pàkátà, àdúgbò tí mo dàgbà sí ní Ìlọrin, náà. Mẹ́ruwà á ti ọmọlanke oníkẹ́ẹ̀gì dé ẹnu ọ̀nà, ẹlẹ́kọ á kiri wọ agboolé, Fúlàní á gbé wàrà wá. Tí mo bá ń lọ Ọjà Ọba, ọ̀dọ̀ àwọn ìyálé lọmọ mi ń wà, ẹnikẹ́ni ò sì ní bèèrè kọ́bọ̀. Ní Káírò, owó ni mo fi ń wá ẹni tó máa bá mi wo ọmọ. Ìyẹn ń dùn mí gan-an.

Àmọ́ ta ló ń gbálẹ̀ agboolé wa? Ọmọdé ni. Ọmọ tí wọ́n mú wá láti oko, tó ti pọn omi kí wọ́n tó kírun Àsùbáà tán, tí kì í gba nǹkan kan ju aṣọ Iléyá lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003, ẹ̀kọ́ ilé la ṣì ń pe irú èyí. Kí ọmọ mọ iṣẹ́ ilé dára. Kí ọmọ ọlọ́mọ máa ṣe é láti ìdájí dòru kí tiwa lè ráyè lọ síléèwé, ìwà ìkà ni.

Káírò náà ní tirẹ̀. Òfin iṣẹ́ tí Íjíbítì lò láti ọdún 2003 di 2025 yọ òṣìṣẹ́ inú ilé sílẹ̀. Tí ara obìnrin tó ń bá wa tún ilé ṣe ò bá yá, àfi ohun tí èmi bá fún un. Nígbà tí owó Íjíbítì já wálẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2024, mo fi kún owó rẹ̀, torí ọjà kan náà la jọ ń ná.

Mo ti bá àbúrò mi obìnrin sọ ọ́ nílé. Ó rí ìyá kan tó ń wá fọṣọ fún màmá wa ní Sátidé, a sì ń sanwó fún un. Màmá kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ṣé àwọn ti di aláìlera ni. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ti wọ iléèwé girama báyìí, èmi àti àbúrò mi la jọ ń san owó rẹ̀.