Ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà: ohun tí oòrùn ń gbé, àti ohun tí kò lè gbé

Ọdún ti fẹ́ parí, ìbéèrè tí mo sì ń gbọ́ jù látìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ sídìí oko ni, "Tíṣà, ṣé ẹ ò tíì kábàámọ̀?" Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe lónìí yàtọ̀: nínú gbogbo ohun tí ilé wa ń lò lójúmọ́, èwo la ti ń pèsè fúnra wa, èwo la ṣì ń rà?

Iná ló gba owó jù, òun ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá wo òrùlé wa, iye pánẹ́ẹ̀lì sólà ló kọ́kọ́ máa ń bi mí. Ìyẹn ló yẹ kó kẹ́yìn. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná nínú ilé yín, kí ẹ kọ wáàtì rẹ̀ sí i, kí ẹ fi iye wákàtì tó ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Gílóòbù LED oníwáàtì 10 tó tàn fún wákàtì 6 á jẹ 60 watt-hour, ìyẹn wáàtì tí a fi wákàtì sọ di púpọ̀. Kẹ́tù oníwáàtì 2,000 tó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 péré á jẹ 500. Ìṣẹ́jú 15 yẹn nìkan ti jẹ ohun tí gílóòbù mẹ́jọ ń jẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Bẹ́ẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 100, bí oòrùn tó mọ́ kedere bá tàn sí i fún wákàtì 4 sí 5, 400 sí 500 náà ni yóò mú wá, kí a tó yọ èyí tó ń ṣòfò nínú wáyà àti ínfátà.

Ibẹ̀ ni ìpinnu tó dára jù tí a ṣe lọ́dún yìí ti wá: ohunkóhun tó bá ń mú ooru jáde, ì báà jẹ́ kẹ́tù, áyọ́ọ̀nù tàbí sítóòfù oníná, a ò gbé e sórí sólà. Sólà wà fún ìmọ́lẹ̀, fóònù, firíìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹ̀rọ omi yẹn gan-an, ọ̀sán nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Á fa omi sínú táǹkì tó wà lókè, omi á sì máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lóru láìfọwọ́ kan bátìrì. Bátìrì ló sì yẹ kéèyàn ṣàánú jù: ti olójé, ìdajì péré ni kí ẹ máa fà nínú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́.

Ẹ má gba ẹni tó bá ní oòrùn tó gbóná jù ló ń mú iná wá jù. Ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń fẹ́. Nígbà tó bá wà ní 25°C ni wọ́n wọn agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ á máa dín kù, ó sì lè gbóná dé 60°C lọ́sàn-án. A fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti òrùlé kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Òjìji náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ pé Edmond Becquerel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ló rí i ní 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná jáde. Kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì pé ẹ̀ka igi kan tó ṣíji bo igun pánẹ́ẹ̀lì lè gé ìdá kan nínú mẹ́ta iná rẹ̀ kúrò. A ti gé ẹ̀ka náà.

Ooru tí a lé kúrò lórí sólà, ìgbẹ́ ẹran ló ń gbé apá kan nínú rẹ̀. A ń po ìgbẹ́ mọ́ omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, sínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́, gáàsì á jáde, ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì ni methane, gáàsì tó ń jó. Gáàsì àkọ́kọ́ kì í sábà gbaná. Ẹ tú u dànù, kí ẹ mú sùúrù. Omi ìgbẹ́ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀fọ́ wa ń jẹ. Gáàsì náà kò tó fún gbogbo oúnjẹ ilé o. Igi ìdáná ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Omi òjò kò lẹ́jọ́ púpọ̀. Mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Ẹ wọn òrùlé yín, ẹ ti mọ táǹkì tí ẹ máa rà. Kí ẹ ṣáà jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ ìgbẹ́ ẹyẹ lọ.

Owó ńkọ́? Ilẹ̀ kì í san owó oṣù. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ mélòó kan ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, òun la fi ń ra iyọ̀, ìṣó àti oògùn. Àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá ti ní oko kò nílò owó mọ́, mi ò mọ ìṣó tí wọ́n ń lò.

Ibi tí ìṣirò ti mú mi ni ti adìẹ. Wọ́n ń yé dáadáa, ṣùgbọ́n ọjà la ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, nítorí náà mi ò lè ka ẹyin yẹn mọ́ ohun tí a pèsè fúnra wa. Lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní fi pánẹ́ẹ̀lì kan kún un. Ìdin ni mo fẹ́ máa sìn lórí ìdọ̀tí ilé ìdáná, nítorí adìẹ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń ṣara lóore. Ọkọ mi ní òun ò kọ̀, bí kò bá ṣáà ti sí lẹ́bàá fèrèsé òun. A ṣì ń bá ara wa dúnàádúrà lórí ibi tó máa wà.